Òkè Tí Ìbùkún Fẹ́ Gùn

Ẹ̀rìjìyàn-Èkìtì,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún, 2024.

Ìyá Ìbùkún, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè yìnyín. Ṣé ara yín le? Ara tèmi le, àfi etí. Etí kan tó ṣẹ́ kù náà ti di báyìí. Nígbà tí o pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ariwo bí òjò orí páànù ni mo ń gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù fún Mercy. Má bínú. Ìwé kíkọ ló kù fún èmi àti ìwọ. Mercy, ọmọ àbúrò bàbá rẹ tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ni yóò máa fi fóònù rẹ̀ ya lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí ọ. Tìrẹ náà, máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yẹn, màá wọ gíláàsì mi kà á. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò ní torí etí sọ ọmọ mi nù.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Oko kòkó ni bàbá rẹ wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní orúnkún ń dun òun, a ní kó jókòó sílé, kò gbọ́. Ọ̀nà Arámọkọ ti bàjẹ́ débi pé inú oko olóko ni àwọn ọlọ́kadà ń gbà.

Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé ni àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́. Ayọ̀bọ́lá, inú ilé ni o ti ya gbogbo wọn. Ìbùkún lórí bẹ́ẹ̀dì, Ìbùkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Ìbùkún nínú kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mọ̀ pé fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe àìsàn eré, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rí bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, pé òtútù a máa dá egungun rẹ̀ lóró. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Mo kọ́ irú wọn ní kíláàsì rí. Èyí tí ìyá rẹ̀ bá ń gbé gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin, bó pẹ́ bó yá, ojú àgbàlagbà ló máa fi ń wo èèyàn. Jẹ́ kó jáde. Jẹ́ kó ráyé. Ọlọ́run tó dá a kò dá a mọ́ yàrá.

Fún mi lésì kíákíá, má ṣe bí ìgbà tí o pa mí tì láti Kérésì dé Àjíǹde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹ̀yínadé Fáṣínà.


Siwísálándì,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, 2024.

Màámi,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú bàámi, ẹ kú ìfaradà etí. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí díẹ̀, n kò purọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń gbé e dìde nígbà tí ìrora bá mú un, tí kò ní jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun. Ṣùgbọ́n mo kà á fún bàbá Ìbùkún, ó ní òótọ́ lẹ sọ.

Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń bẹ̀ wá pé òun fẹ́ gun òkè. Láti fèrèsé yàrá rẹ̀, ó máa ń rí ọkọ̀ orí wáyà tó ń lọ tó ń bọ̀. Màámi, ilé kékeré onígíláàsì ni, tí okùn irin ń fà láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Èèyàn á kàn dúró sínú rẹ̀, àwọn igi á máa kéré nísàlẹ̀, títí tó fi máa dé ibi tí yìnyín kì í tán, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ti débẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lọ, ara rẹ̀ kò yá, ó wà nílé. Nígbà tí wọ́n dé, ó bi mí pé, “Màmá, ṣé àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ tó dára nìkan ló ni òkè yẹn ni?”

Bàbá Ìbùkún kò ní lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa jọ lọ, a óò sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbùkún ti ń to aṣọ sórí àga láti àná. Ẹ bá wa gbàdúrà.

Ọmọ yín,
Ayọ̀bọ́lá.


Ẹ̀rìjìyàn-Èkìtì,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹfà, 2024.

Ìyá Ìbùkún,

Inú mi dùn débi pé mo ka lẹ́tà rẹ fún àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wáyà já. Mo ní wáyà òyìnbó kì í já.

Nígbà tí mo jẹ́ tíṣà tuntun ní Ẹfọ̀n, a máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Bí a bá dé orí rẹ̀, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí wa lára, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ ara wọn. Jẹ́ kí Ìbùkún pariwo tirẹ̀ dáadáa. Fi àwòrán ránṣẹ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ẹ̀rìjìyàn-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹfà, 2024.

Ayọ̀bọ́lá,

Mo kí ọ. Àwòrán náà dé ní Sátidé yẹn: Ìbùkún níwájú gíláàsì ńlá, òkè funfun lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín hàn. Mercy bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ní Arámọkọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò rí ọ̀rọ̀ kankan gbà. Mercy pè títí, ó ní fóònù ìwọ àti ti Ọládipọ̀ ọkọ rẹ kò lọ.

Mo mọ̀ pé ayé dùn lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti wo ayé láti òkè, ó lè ṣòro fún un láti rántí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n fi yín sílẹ̀, pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyẹn náà dáa. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi ní kọ “A ti dé” sí ìyá rẹ̀. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí n máa dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yín mọ́, sọ ìyẹn náà. Èyí tí o ń ṣe yìí kò dára.

Ìyá rẹ.


Siwísálándì,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 2024.

Mercy, bí o bá ti rí èyí, má tíì fi han màámi. Lọ pe bàámi wá láti oko kí wọ́n jókòó ti màámi.

Màámi,

Ìbùkún ti kú.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí mo sì ti pa á rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, mo bi bàbá rẹ̀ pé, “Ṣé kò yẹ ká bi dókítà?” Ó ní, “Dókítà yẹn? Kí ló tíì gbà fún ọmọ yìí rí? Bí a bá bi í, á ní rárá.” Mo dákẹ́, torí èmi náà fẹ́ kó lọ. Lẹ́tà yín wà nínú báàgì mi. Mo rò pé bí òtútù kò bá ti mú un, kò séwu. Mo wọ aṣọ mẹ́ta fún un léra wọn, mo gbé omi gbígbóná dání.

Nínú ọkọ̀ orí wáyà, ó fi iwájú orí lẹ̀ mọ́ gíláàsì títí a fi dé òkè. Oòrùn ń ràn gan-an lórí yìnyín. Ó bu yìnyín sí ẹnu, ó ní kò ládùn. Ó pariwo orúkọ rẹ̀ bí ẹ ṣe ní kó ṣe. Ìgbà yẹn ni mo ya àwòrán tó wà lọ́wọ́ yín. A jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní ìhà òsì ń dun òun. Mo ní ó ti sáré jù, kó jókòó. Ó jókòó díẹ̀, ó fi orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ ulé.” Ulé ló pe ilé, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Èkìtì, bí ẹ ṣe kọ́ ọ lórí fóònù nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́.

A dìde ká máa lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kéde pé atẹ́gùn ti le, pé ọkọ̀ kò lè rìn, kí gbogbo èèyàn fara balẹ̀. Àwọn tó kù ń ra kọfí. Ọládipọ̀ lọ bá ọkùnrin tó wà nídìí ọkọ̀, ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn. Ọkùnrin náà ní, “Bí mo bá jẹ́ kó lọ, atẹ́gùn á gbé e lu òpó. Gbogbo yín lẹ máa kú.” Ọládipọ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú, wọ́n já a gbà. Wọ́n gbé agolo afẹ́fẹ́ wá, wọ́n fi í bo imú ọmọ náà. Wọ́n pe hẹlikọ́pítà. A gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú kùrukùru, ó ń yí po, ó ń yí po, lẹ́yìn náà ariwo yẹn jìnnà. Ìbùkún ń mí bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ orí ẹsẹ̀ mi ló wà. Ó di ọwọ́ mi mú kò fi sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni atẹ́gùn rọ̀. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti ń dúró dè wá nísàlẹ̀. Dókítà obìnrin kan wò ó, ó bi wá pé, “Ta ló ní kí ẹ gbé e dé ibi gíga bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò lè gbà á.” Jẹ́jẹ́ ló béèrè. Ì bá sàn kó pariwo mọ́ mi. Òtútù ni mo ń bẹ̀rù, Màámi. N kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lajú, ó bi mí pé ṣé ọkọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ kó ráyé. Ẹ̀yin lẹ ní Ọlọ́run kò dá a mọ́ yàrá. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kọ èyí sí ìyá mi, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́, yóò pa mí. Ọládipọ̀ ló ní ká má bi dókítà. Èmi ni mo dákẹ́. Ẹ wò ó, mo ti ń pè é ní Ọládipọ̀. Mo kàn rí i pé n kò lè pè é ní bàbá Ìbùkún mọ́.

Ó ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Mo fẹ́ gbé e wálé. Mo fẹ́ kí a sin ín sẹ́yìn ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí màmá bàámi wà, kó má bàa dá nìkan wà láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún bàámi.

Ayọ̀bọ́lá.


Ẹ̀rìjìyàn-Èkìtì,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, 2024.

Ayọ̀bọ́lá, Ayọ̀bọ́lá ọmọ mi,

Mercy ṣe bí o ti wí. Nígbà tí mo rí bàbá rẹ tó bọ̀ láti oko lọ́sàn-án gangan, tí kò bọ́ bàtà kó tó wọlé, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, n kò lè kà á síwájú. Bàbá rẹ ní kí Mercy ka ìyókù sókè. Ó ń kà á, èmi ò gbọ́, ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò. Ó dé ibì kan, bàbá rẹ gbé ọwọ́ lé orí, mo sì mọ̀ pé ibi tí ẹ̀mí ọmọ náà ti bọ́ ni. Mo gba fóònù padà mo wá ka gbogbo rẹ̀ fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ sí mi kò le jù. Mo ti sọ ọ́ sí ara mi kí n tó kà á débẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ kò ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára. Mo sọ ohun tí n kò mọ̀ bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ya àwòrán kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà mo tún lẹ̀ ẹ́ padà. Bàbá rẹ ní kí n pinnu èyí tí mo fẹ́. N kò mọ èyí tí mo fẹ́.

Ní ti gbígbé e wálé. Bàbá rẹ pe ẹbí jọ. Mo jókòó síbẹ̀, Mercy ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sínú pépà fún mi. Wọ́n ní kí ẹ má gbé e wá. O mọ bó ṣe rí níbí: bí ọmọdé bá lọ, àwọn ẹlòmíràn ní í gbé e jáde, òbí kì í tẹ̀ lé e, òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Wọ́n ní báwo ni èmi àti bàbá rẹ ṣe máa jí láàárọ̀ tí a óò máa gbálẹ̀ yí ibojì ọmọ-ọmọ wa ká. Wọ́n ní ìwọ ṣì kéré, o ṣì máa bímọ, kí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ má bàa kọ lu ibojì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ náà fẹ́ wálé. Ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.” Bàbá rẹ dìde, ó lọ dúró síta nínú òjò.

N kò lágbára ju ẹbí lọ. Má rò pé a kọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ.


Siwísálándì,
Ọjọ́ ogún, oṣù Keje, 2024.

Màámi,

A ti sin ín.

Ẹ ní òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Èmi mọ tirẹ̀. Èmi ni mo tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n fi ṣọ́bìrì kékeré kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ìyá ló máa ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá màá rí ẹnìkan tó lè gbà á lọ́wọ́ mi, àǹtí kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n kan, ẹnikẹ́ni. Tíṣà rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti obìnrin ilé kejì, àti Ọládipọ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo bu erùpẹ̀ náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe títí láé. Ilẹ̀ kò pọ̀ níbí. Bó bá ti pé iye ọdún kan, wọn á hú ibojì náà, wọn á fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ọmọ tí ilé kò gbà, ibi tó wà náà kò ní gbà á pẹ́.

Èmi àti Ọládipọ̀ kò bá ara wa jà. Ì bá sàn. Bó bá wọlé, màá gbé oúnjẹ fún un. Bó bá ku díẹ̀ kí ojú wa ṣe mẹ́rin, ọ̀kan nínú wa á dìde. Láti ilé ìdáná wa, a ń rí ọkọ̀ orí wáyà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn èèyàn kún inú rẹ̀. Mo ti fi aṣọ bo fèrèsé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi fún ìgbà díẹ̀. Bí mo bá rí ìwé ọwọ́ yín, lẹ́tà oṣù Karùn-ún yẹn ni mo máa ń rí.

Ayọ̀bọ́lá.


Ẹ̀rìjìyàn-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ayọ̀bọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ. O ní kí n má kọ̀wé, n kò kọ. Ní báyìí, Mercy ló ń tẹ èyí bí mo ṣe ń pè é, kí o má bàa rí ìwé ọwọ́ mi.

Mo ti lọ sí Èkó. N kò fẹ́ sọ fún ọ kí n tó lọ, torí mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà rẹ ni o ti máa rí mi. Mo gba ìwé ìrìnnà, mo kó gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n kó wá, èmi àti Mercy wọ ọkọ̀ ní Arámọkọ. Bàbá rẹ sìn wá débẹ̀. Ó ní kí n bá òun sọ fún ọ pé òun kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí òun ti ní kí ẹ má gbé e wá. Kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Níbi tí wọ́n ti ń fún ni ní físà, wọ́n ní Mercy kò lè bá mi wọlé. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì, ẹnu rẹ̀ ń lọ, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, etí mi ti di, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.” Ó kọ ọ́ pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé mo fẹ́ lọ jókòó ti ọmọ mi. Ó tún kọ ọ́ pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe gan-an. Mo ronú sí i. Mo lè sọ pé mo fẹ́ rí ìlú. Mo lè sọ pé mo fẹ́ wo òkè. N kò rí ohun mìíràn kọ, mo tún kọ èyí tí mo kọ́kọ́ kọ.

Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní n kò fi hàn pé màá padà wá sílé.

Nígbà tí mo dé, bàbá rẹ gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé, ó tú aṣọ inú rẹ̀ kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Nítorí náà, n kò lè wá. Ìwọ náà kò ní fẹ́ fi ibojì rẹ̀ sílẹ̀ wá. N kò lè gbọ́ ohùn rẹ. Ọládipọ̀ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Mercy pé òun ti kó lọ sí ìlú mìíràn, pé ìwọ nìkan lo wà nínú ilé. N kò rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà yẹn.

N kò ní kí o dárí jì mí. N kò ní kí o sọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Bí o bá jí láàárọ̀, tẹ ohunkóhun sí fóònù Mercy, ì báà jẹ́ A, ì báà jẹ́ B. Màá mọ̀ pé o jí. N kò ní béèrè ju ìyẹn lọ.

Ìyá rẹ,
Ẹ̀yínadé.


Ẹ̀rìjìyàn-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 2024.

Ayọ̀bọ́lá,

Mercy ti wo fóònù láàárọ̀ yìí, kò sí A, kò sí B. Bàbá rẹ pẹ̀lú ti wò ó kó tó lọ sóko.

A óò tún wò ó lọ́la.

Ìyá rẹ.